Ẹ̀jẹ̀ ọlọ́rẹ lè bá jẹjẹrẹ ọpọlọ jà, àmọ́ òfin wa kò tíì ṣetán

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, ọsibítù ní ká wá páìǹtì ẹ̀jẹ̀ méjì wá. Èmi fún wọn ní ọ̀kan. Ìkejì, ọkùnrin kan tó máa ń dúró lẹ́nu géètì ló tà á fún wa. Ó tẹ̀ lé wa wọlé, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, ó gbowó, ó bá tiẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé ohunkóhun fún un.

Glioblastoma ni dókítà pe àìsàn náà. Nínú gbogbo jẹjẹrẹ tó ń bẹ̀rẹ̀ látinú ọpọlọ àgbàlagbà, ó wà lára àwọn tó burú jù. Oṣù 11 lẹ́yìn ìgbà yẹn la sin bọ̀ọ̀dá. Mi ò lè gbàgbé ohun tí ẹ̀gbọ́n mi bi dókítà nígbà tí wọ́n ní kò sí nǹkan míì táwọn lè ṣe. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, gbogbo ẹ̀jẹ̀ àwọn tára wọn le tẹ́ ẹ fà sí i lára yìí, ṣé kò sí ohunkóhun nínú ẹ̀ tó lè bá a bá nǹkan yìí jà ni?" Dókítà kàn mi orí. Èmi gan-an rò pé ìbànújẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀. Lónìí, mo ti wá mọ̀ pé ìbéèrè gidi ni.

Ìmọ̀ òfin ni mo kà ní yunifásítì, mi ò kà nípa ìṣègùn. Àmọ́ nígbà tí ikú bá wọlé ẹni, èèyàn á ka ohun tí kò kà rí. Ohun tí mo rí nìyí.

Láti ọdún 2005, ọ̀nà kan náà ni wọ́n fi ń tọ́jú glioblastoma káàkiri àgbáyé. Wọ́n á fi abẹ gé èyí tí wọ́n bá lè gé, wọ́n á lo ìtànṣán, wọ́n á sì fún aláìsàn ní oògùn kan tó ń jẹ́ temozolomide. Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ náà, nǹkan bí ìdajì àwọn tó ní in ni kì í lò tó oṣù 15. Jẹjẹrẹ náà kì í dúró sójú kan, ńṣe ló ń ta gbòǹgbò wọnú ọpọlọ. Kò sí dókítà tó lè gé gbogbo gbòǹgbò yẹn láì gé ọgbọ́n, ọ̀rọ̀ ẹnu àti ìrìn ẹsẹ̀ aláìsàn mọ́ ọn.

Nínú ẹ̀jẹ̀ gbogbo wa, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tó dà bí ọdẹ àdúgbò. Wọ́n ń rìn yí ká, wọ́n ń wá àjèjì tó wọlé. T cell ni wọ́n ń pe irú kan nínú wọn, NK cell ni irú míì. Glioblastoma mọ bó ṣe ń fi oorun kun àwọn ọdẹ yìí. Àwọn onímọ̀ wá ń fa ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, wọ́n ń yọ T cell inú ẹ̀, wọ́n ń fi jíìnì tuntun sí i kó lè dá jẹjẹrẹ mọ̀, wọ́n á sì dá a padà sí i lára. CAR-T ni wọ́n ń pè é. Lóṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn dókítà ọsibítù Mass General ní Boston jábọ̀ nípa aláìsàn mẹ́ta tí wọ́n fi irú sẹ́ẹ̀lì yìí tọ́jú. Kókó inú ọpọlọ wọn súnkì láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àmọ́ lára méjì nínú wọn, kò pẹ́ tó fi padà.

Ìṣòro kejì ni pé ó máa ń gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí wọ́n tó pèsè sẹ́ẹ̀lì ẹnì kan fún ẹni náà, ẹni tó ní glioblastoma ò sì ní ọ̀sẹ̀ tó máa fi ṣòfò. Ẹ̀jẹ̀ tí oògùn jẹjẹrẹ ti fìyà jẹ ò sì ní okun tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Owó ńkọ́? CAR-T àkọ́kọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 2017, ti jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, $475,000 ni iye tí wọ́n dá lé e fún aláìsàn kan ṣoṣo.

Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ọlọ́rẹ ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ lára ẹni tára ẹ̀ le, wọ́n á fi pèsè sẹ́ẹ̀lì fún ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á kó o sínú òtútù. Bí aláìsàn bá dé, ó ti wà nílẹ̀. Àmọ́ sẹ́ẹ̀lì àlejò lè kọjú ìjà sí ara tó gbà á lálejò, ara náà sì lè lé e jáde. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń yọ àwọn jíìnì kan kúrò nínú ẹ̀. Lọ́dún 2015, ọsibítù Great Ormond Street ní London lo irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ fún ọmọ kékeré kan tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, ọmọ náà sì yè é. Ní ti ọpọlọ, ọsibítù City of Hope ní California lo sẹ́ẹ̀lì ọlọ́rẹ fún aláìsàn mẹ́fà tí glioblastoma wọn ti padà, wọ́n sì tẹ àbájáde ẹ̀ jáde lọ́dún 2022. Ó ṣe bẹbẹ díẹ̀ lára àwọn kan, àmọ́ kò tọ́jọ́.

Ẹ gbọ́ mi yé o. Mi ò sọ pé wọ́n ti rí oògùn ẹ̀. Ẹni tó bá ní òun ń tà á fún yín níbí, ẹ sá fún un. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọ̀nà náà ti ń là, ẹ̀jẹ̀ èèyàn bíi tèmi àti tiyín sì ni wọ́n fi ń là á. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan òfin nìyẹn.

Ẹ gbé Òfin Ìlera ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2014 wò. Abala 50 ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ yí ohun tó jẹ mọ́ jíìnì padà. Ẹ̀wọ̀n ọdún 5 ni ìyà tó kéré jù níbẹ̀, kò sì sí àyè owó ìtanràn. Àwọn tó kọ ọ́ ń sá fún kí wọ́n má lọ máa fi sẹ́ẹ̀lì ẹnì kan dá ẹlòmíì tó jọ ọ́, àkọlé abala náà fi hàn bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò gbòòrò ju ohun tí wọ́n ń sá fún lọ. Lọ́yà tó mọṣẹ́ lè bẹ ilé ẹjọ́ pé kí wọ́n wo èrò àwọn aṣòfin. Ṣùgbọ́n dókítà wo ló máa fi ọdún 5 ayé ẹ̀ ta tẹ́tẹ́ lórí àlàyé lọ́yà?

Abala 53 ní ẹni tó fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ ò gbọdọ̀ gba owó lórí ẹ̀ ju èyí tó ná lọ, títà á sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ọkùnrin ẹnu géètì yẹn rú òfin, èmi tí mo sanwó náà ò sì lè sọ pé ọwọ́ mi mọ́. Gbogbo wa la mọ irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń mú un. Bí ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan bá wá di oògùn fún ọ̀pọ̀ èèyàn, tí ilé-iṣẹ́ kan sì ń tà á ní dọ́là, ẹ rò ó wò, irú ọjà wo ló máa wà lẹ́nu géètì nígbà yẹn?

Abala 48 ní kí wọ́n gba ìyọ̀ǹda kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀. Ó dáa. Àmọ́ ìyọ̀ǹda pé kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ mi sára aláìsàn kan kọ́ ni ìyọ̀ǹda pé kí wọ́n yí jíìnì inú ẹ̀ padà, kí wọ́n sì sọ ọ́ di ọjà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lọ́dún 1951, wọ́n mú sẹ́ẹ̀lì lára Henrietta Lacks, obìnrin aláwọ̀ dúdú kan, ní ọsibítù Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà, láì gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó kú lọ́dún yẹn gan-an, àmọ́ wọ́n ń lo sẹ́ẹ̀lì náà títí dòní. Ọdún 2023 ni ẹbí ẹ̀ tó yanjú ẹjọ́ tí wọ́n pe ilé-iṣẹ́ Thermo Fisher lórí ẹ̀. Ẹni iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n.

Mo mọ ohun táwọn kan fẹ́ sọ. Wọ́n á ní orílẹ̀-èdè tí ẹ̀rọ ìtànṣán ò tó, níbi tí aboyún ti ń kú torí pé kò rí ẹ̀jẹ̀, ṣé T cell ló kàn? Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ó sì dùn mí. Àmọ́ àtúnṣe òfin ò gba ẹ̀rọ olówó ńlá. Bá a bá sì ṣètò ẹ̀jẹ̀ ọlọ́rẹ bó ṣe yẹ, aboyún yẹn ló máa kọ́kọ́ jàǹfààní ẹ̀, kó tó kan ẹni tó ní jẹjẹrẹ. Ẹ rántí Seun Adebiyi, tóun náà kàwé òfin, tí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ mú. Nígbà tí ara ẹ̀ yá, kò jókòó. Lọ́dún 2012, ó bá wa dá ìwé orúkọ àwọn tó fẹ́ fi mùdùnmúdùn eegun tọrẹ sílẹ̀ ní Enugu.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ lọ́wọ́ àwọn aṣòfin Àbújá. Kí wọ́n tún abala 50 kọ, kó máa dènà ohun tí wọ́n fẹ́ kó dènà nìkan, kó má ṣe dí ìwòsàn lọ́nà. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní kedere pé ọlọ́rẹ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ń lọ, pàápàá bí wọ́n bá fẹ́ pa owó lórí ẹ̀. Kí wọ́n sì fún àjọ tí òfin dá sílẹ̀ lọ́dún 2021 láti máa bójú tó ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ lówó tó tó, kó lè gba ẹnu géètì kúrò lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹ̀jẹ̀.

Ní tàwa aráàlú, ẹ jẹ́ ká máa fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ kí wọ́n tó bẹ̀ wá. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣe é. Láti ìgbà tí bọ̀ọ̀dá ti lọ, ó ti fún wọn nígbà mẹ́ta, kò sì gba kọ́bọ̀. Nígbà tí mo béèrè ìdí ẹ̀, ó ní dókítà ò tíì dá òun lóhùn.