Nọ́ńbà 2 àti Nọ́ńbà 3: Ibi tí ilé Super Eagles ti ń jò

Ìṣẹ́jú 81 ni aago ń lù ní pápá ìṣeré Alassane Ouattara tó wà ní Ebimpé, nítòsí Abidjan, lálẹ́ ọjọ́ 11, oṣù kejì, ọdún 2024. Simon Adingra gba bọ́ọ̀lù ní apá òsì pápá, ó sì gbá a gba iwájú ilé Nàìjíríà kọjá. Kí William Troost-Ekong tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Sébastien Haller ti na ẹsẹ̀ síwájú rẹ̀, bọ́ọ̀lù ti fara kan bàtà ọkùnrin náà, ó ti wọ inú àwọ̀n. Ivory Coast di 2, Nàìjíríà wà lórí 1. Troost-Ekong yìí kan náà ló kọ́kọ́ fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé fún Super Eagles ní ìṣẹ́jú 38. Franck Kessié ló dá a padà ní ìṣẹ́jú 62, orí lòun náà fi kàn án, láti inú kọ́nà tí Adingra gbá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣoṣo, ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, ló tipa bẹ́ẹ̀ ṣe okùnfà góòlù méjèèjì tó gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà lọ́wọ́ Nàìjíríà.

Láti òru ọjọ́ náà ni àwọn èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí wọn yóò di ẹ̀bi rù. Àwọn kan ní Ọlá Aina tó ń ṣọ́ apá ọ̀tún ló fa á. Àwọn mìíràn kọjú sí Alex Iwobi, wọ́n bú u títí tó fi yọ àwọn àwòrán rẹ̀ kúrò lórí Instagram. Àwọn tó kù ní José Peseiro, akọ́nimọ̀ọ́gbá ọmọ ilẹ̀ Pọ́túgà, ló sùn lórí ìjókòó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fara balẹ̀ tún ìdíje náà wò láti ìbẹ̀rẹ̀, tó sì rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Rọ́ṣíà ní ọdún 2018, yóò rí i pé ọ̀rọ̀ náà ju ti ẹnì kan lọ. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀gbẹ́ ilé Super Eagles ti ń jò. Gbogbo akọ́nimọ̀ọ́gbá tó bá dé ló máa ń gbé garawa síbẹ̀, tí ojò bá sì pọ̀, garawa a kún.

Ẹni tó bá ti gbá bọ́ọ̀lù ní àdúgbò mọ ohun tí à ń pè ní Nọ́ńbà 2 àti Nọ́ńbà 3. Nọ́ńbà 2 ló ń ṣọ́ ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, Nọ́ńbà 3 sì ń ṣọ́ òsì. Àwọn méjèèjì ló ń kojú Nọ́ńbà 11 àti Nọ́ńbà 7 àwọn alátakò, àwọn eléré ìje tó ń dá ẹsẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà. Iṣẹ́ ìnira ni. Bí Nọ́ńbà 4 tàbí Nọ́ńbà 5 bá ṣìṣe, ẹnì kejì rẹ̀ wà nítòsí tí yóò gbà á. Ẹni tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ló máa ń dá wà. Tí wọ́n bá ti yọ ọ́ sílẹ̀, iwájú gólì ló kàn.

Kí ni akọ́nimọ̀ọ́gbá lè ṣe nígbà tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀ sí Nọ́ńbà 2 àti Nọ́ńbà 3 rẹ̀? Ó lè ní kí àwọn wíńgà tirẹ̀ máa sáré padà wá ràn wọ́n lọ́wọ́, ṣùgbọ́n agbára tí wọn ì bá fi kọlu alátakò yóò dínkù. Ó lè mú agbábọ́ọ̀lù àárín ẹ̀yìn, ẹni tó ga tó sì lágbára, kó fi í sí ẹ̀gbẹ́, kó sì ní kó má kúrò nílé rárá. Olóògbé Stephen Keshi ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 2013 ní Gúúsù Áfíríkà, nígbà tó fi Efe Ambrose sí Nọ́ńbà 2, tí Nàìjíríà sì gba ife ẹ̀yẹ. Ọ̀nà kẹta ni kó fi ẹnì kẹta kún àwọn méjì tó wà láàárín ẹ̀yìn, kó lè jẹ́ pé tí wọ́n bá yọ ti ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀, ẹnìkan yóò wà lẹ́yìn rẹ̀ tí yóò jáde lọ pàdé wọn. Ọ̀nà yìí ni Peseiro gbà.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀. Ẹni mẹ́rin ló tò sẹ́yìn ní ọjọ́ 14, oṣù kìíní, ọdún 2024, nígbà tí Nàìjíríà kọ́kọ́ pàdé Equatorial Guinea. Wọ́n gbá ọ̀mì 1 sí 1, inú kò sì dùn nílé. Ní ọjọ́ kẹrin sí i, tí wọ́n fẹ́ kojú Ivory Coast tó gbàlejò ìdíje, ó mú Calvin Bassey wọlé sí ẹ̀gbẹ́ Troost-Ekong àti Semi Ajayi. Wọ́n di mẹ́ta. Aina àti Zaidu Sanusi tó wà ní ẹ̀gbẹ́ sì ní àyè láti sún síwájú díẹ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé òpó wà lẹ́yìn àwọn.

Òògùn náà jẹ́. Nàìjíríà na Ivory Coast ní 1 sí òdo, ó na Guinea-Bissau ní 1 sí òdo, ó na Kamẹrúùnù ní 2 sí òdo, ó sì na Àǹgólà ní 1 sí òdo. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 4 tẹ̀ léra, kò sẹ́ni tó rí àwọ̀n Stanley Nwabali. Bassey gan-an gbádùn rẹ̀ débi pé òun ló sáré gba ẹ̀gbẹ́ òsì lọ, tó gbá bọ́ọ̀lù tí Ademola Lookman fi gbá èkejì wọ ilé Kamẹrúùnù. Ẹni tí wọ́n ní kó wá di ihò lẹ́yìn ló di ẹni tó ń lu ihò sí ilé ẹlòmíràn! Wọ́n la Gúúsù Áfíríkà kọjá nípa pẹnáritì, lẹ́yìn tí wọ́n gbá 1 sí 1. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, Troost-Ekong ni wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ nínú ìdíje náà.

Àmọ́ kò sí ohun tí èèyàn gbà nínú bọ́ọ̀lù tí kò ní san owó rẹ̀. Mọ́kànlá ni agbábọ́ọ̀lù. Ẹni tí Peseiro fi kún ẹ̀yìn, ibìkan ló ti yọ ọ́. Àárín ló ti yọ ọ́. Iwobi àti Frank Onyeka nìkan ló kù síbẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ alátakò ń to ẹni mẹ́ta. Nítorí náà, Super Eagles kì í di bọ́ọ̀lù mú pẹ́. Góòlù 8 péré ni wọ́n jẹ nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 7, pẹ̀lú gbogbo òkìkí Victor Osimhen àti Lookman.

Ní ọjọ́ 18, oṣù kìíní, tí wọ́n kọ́kọ́ na Ivory Coast, Adingra kò sí lórí pápá, ara rẹ̀ kò tíì yá. Jean-Louis Gasset ló sì ń darí wọn nígbà náà. Kí àṣekágbá tó dé, Gasset ti lọ, Emerse Faé ti gba ipò rẹ̀, Adingra ti bọ́ sípò. Faé fi Adingra lẹ ìlà òsì, ó fi Max Gradel lẹ ìlà ọ̀tún. Pẹ̀lú àwọn méjì yìí, àwọn ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ Nàìjíríà kò lè sún síwájú mọ́. Wọ́n di ẹ̀yìn, mẹ́ta di márùn-ún. Kessié, Seko Fofana àti Jean Michaël Seri wá ń gbá bọ́ọ̀lù bó ṣe wù wọ́n lórí Iwobi àti Onyeka, nítorí wọ́n jẹ́ mẹ́ta sí méjì. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́, bọ́ọ̀lù ń dé ẹsẹ̀ Adingra, ó sì ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní àkókò tó ti rí àyè. Ta ni yóò dá Aina lẹ́bi pé òun nìkan kò lè dí ọ̀nà tí àwọn mẹ́ta ti là fún alátakò rẹ̀ láti àárín pápá? Iwobi tí wọ́n ń bú pé kò ṣe iṣẹ́ tó, iṣẹ́ èèyàn kan àti ààbọ̀ ló ń ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí àléébù kan bá wà tó yẹ kí a bá Peseiro wí lé lórí, òun ni pé kò fi ẹni kẹta kún àárín nígbà tó ti hàn gbangba pé omi ti ń gba ibẹ̀ wọlé. Ó ti fi ẹnì kan kún ẹ̀yìn nítorí ẹ̀gbẹ́; ẹ̀gbẹ́ náà ló sì pa á, nítorí àárín.

Ẹni tó bá rò pé àìríire ni, kó padà sí ọdún 2018. Ẹni mẹ́rin ni Gernot Rohr, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, tò sẹ́yìn nígbà tí Croatia na Nàìjíríà ní 2 sí òdo nínú ìdíje ife ẹ̀yẹ àgbáyé. Ó yára yí padà. Nígbà tí wọ́n pàdé Iceland, Leon Balogun, Troost-Ekong àti Kenneth Omeruo ló wà láàárín ẹ̀yìn, Victor Moses wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, Brian Idowu wà ní òsì. Wíńgà ni Moses láti ìgbà èwe rẹ̀. Antonio Conte ló sọ ọ́ di ẹni tó ń ṣọ́ gbogbo ẹ̀gbẹ́ ní Chelsea, ní sáà tí wọ́n gba ife ẹ̀yẹ líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 2016 sí 2017. Òun ló gbá bọ́ọ̀lù tí Ahmed Musa fi jẹ góòlù àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, Musa sì tún jẹ èkejì.

Lẹ́yìn èyí ni Ajẹntínà, ní ìlú St Petersburg tí wọ́n ti bí Idowu fúnra rẹ̀. Lionel Messi jẹ góòlù, Moses fi pẹnáritì dá a padà. Ọ̀mì ti tó Nàìjíríà. Ní ìṣẹ́jú 86, Gabriel Mercado gbá bọ́ọ̀lù wá láti apá ọ̀tún Ajẹntínà, èyí tó jẹ́ apá òsì Nàìjíríà, Marcos Rojo gbá a mọ́lẹ̀ kan náà, ó wọlé. Ẹ̀yìn mẹ́ta, ẹ̀gbẹ́ kan tó ṣí sílẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ kí eré parí. Ìdíje mìíràn ni, àwọn agbábọ́ọ̀lù mìíràn sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, Troost-Ekong sì wà lára àwọn tó rí méjèèjì.

Kí ló dé tí ibẹ̀ fi máa ń ṣófo? Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà sí òpópónà. Lórí pápá mọ́ńkì-pósì tí àwọn ọmọ ń gbá ní Agége, ní Mushin, ní Bẹẹrẹ, òkúta méjì ni ilé, pápá kò fẹ̀, kò sí ìlà, kò sí ẹ̀gbẹ́. Ọmọ tó bá mọ ẹsẹ̀ yí, iwájú ni yóò wà. Ẹni tí wọ́n bá fi sẹ́yìn, ìyà ni wọ́n fi jẹ ẹ́. Bí ọmọ kan bá wá ní ẹsẹ̀ òsì dáadáa, kò sí olùkọ́ tí yóò sọ fún un pé Nọ́ńbà 3 ni kó máa gbá; Nọ́ńbà 11 ni wọn yóò fún un, nítorí ibẹ̀ ni àwọn tó ń ra agbábọ́ọ̀lù máa ń wò. Báyìí ni Nàìjíríà ṣe ń bí Samuel Chukwueze, tó ń bí Moses Simon, tí kò sì rí ẹni tí yóò dá wọn dúró nígbà tí irú wọn bá wá láti ilé ẹlòmíràn. Láti ọdún wọ̀nyí wá, òkè òkun la ti ń wá púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀gbẹ́: London ni wọ́n ti bí Aina, Haarlem ní ilẹ̀ Netherlands ni wọ́n ti bí Tyronne Ebuehi. Zaidu, ọmọ Jega ní ìpínlẹ̀ Kebbi, ṣọ̀wọ́n láàárín wọn.

Éric Chelle, ọmọ ilẹ̀ Mali, tí wọ́n gbà síṣẹ́ ní oṣù kìíní, ọdún 2025, kò tiẹ̀ gbé garawa. Nínú ìdíje ti Mòrókò tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún náà, ó padà sí ẹni mẹ́rin lẹ́yìn, ó kó ẹni mẹ́rin jọ sí àárín, kò sì lo wíńgà kankan. Ìyẹn ni pé Bright Osayi-Samuel àti Bruno Onyemaechi ló ni gbogbo ẹ̀gbẹ́ náà, láti ìlà dé ìlà, láìsí olùrànlọ́wọ́. Ìgboyà gidi ni. Èrò rẹ̀ ni pé tí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ wa, ta ni yóò kọlu ẹ̀gbẹ́ wa? Góòlù 14 ni wọ́n jẹ, ipò kẹta ni wọ́n sì gbé bọ̀, lẹ́yìn tí Mòrókò fi pẹnáritì lé wọn kúrò ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá. Ẹni tó bá sì ń wo eré wọn pẹ̀lú Tunisia, tí wọ́n ti jẹ 3 sí òdo kí alátakò tó dá 2 padà, yóò rántí bí àyà ṣe ń já gbogbo ilé nígbà tí bọ́ọ̀lù bá ti ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́.

Nínú ọ̀nà mẹ́ta yìí, ti Chelle ló sàn jù fún orílẹ̀-èdè tó ní irú iwájú tí a ní, tí a bá ní àwọn tó lè di bọ́ọ̀lù mú láàárín. Lọ́jọ́ tí àárín bá sì fọ́, bí ti Abidjan, kò ní sí Bassey kankan lẹ́yìn Nọ́ńbà 2 tí yóò jáde lọ pàdé ẹni tó ń bọ̀. Kenya, Tanzania àti Uganda ni wọ́n gbé ìdíje ọdún 2027 fún. Adingra, tí wọ́n bí ní ọdún 2002, yóò jẹ́ ẹni ọdún 25 nígbà náà.