Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Fíìmù Lórúkọ

Bí ọmọ bá ń jẹ́ Abíọ́nà, a kì í tún bi ìyá rẹ̀ léèrè ibi tó bí i sí. Bó bá jẹ́ Babátúndé, a ti mọ̀ pé bàbá àgbà ti kú kó tó dáyé. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, orúkọ náà a sì máa ro ẹjọ́ ilé fún ẹni tó gbọ́ èdè. Ohun tó mú mi ronú kan òwe yìí kì í ṣe ìkómọjáde o. Fíìmù Amẹ́ríkà àtijọ́ ni.

Kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó ni ín máa ń fi àmì ara rẹ̀ hàn: kìnnìún MGM á bú, òkè Paramount á yọ, ayé Universal á yí. Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ wa ń dìde lọ wá gúgúrú. Àwọn tó ń kó ẹ̀dà fíìmù àtijọ́ jọ kì í gbójú kúrò níbẹ̀ ní tiwọn, nítorí fíìmù a máa kó láti ilé kan bọ́ sí òmíràn, ilé tuntun a sì sọ ọ́ lórúkọ.

Ẹ wo Casablanca. Warner Bros. ló gbé e jáde ní 1942, àmì asà wọn ló sì wà níwájú rẹ̀. Ní 1956, Warner ta àwọn fíìmù tó ti ṣe kí 1950 tó dé fún Associated Artists Productions, tí ń pín fíìmù fún tẹlifíṣọ̀n. Àwọn yẹn lẹ orúkọ tiwọn mọ́ iwájú ẹ̀dà tí wọ́n tẹ̀. United Artists gbà á lọ́wọ́ wọn ní 1958. MGM ra United Artists ní 1981. Ted Turner ra MGM ní 1986, ó ta ilé-iṣẹ́ náà padà, àmọ́ ó di àwọn fíìmù mú. Ìgbà tí Turner àti Time Warner di ọ̀kan ní 1996 ni ọmọ tó padà sílé bàbá rẹ̀, lẹ́yìn ogójì ọdún. Nítorí náà, ẹ̀dà tó bá ní orúkọ Associated Artists Productions níwájú kò lè jẹ́ ti 1942, bí ẹni tó ń tà á fẹ́, kó fi irin búra.

Ti Disney náà rí bẹ́ẹ̀. RKO ló pín Snow White fún àwọn ilé sinimá ní 1937, orúkọ RKO sì wà lára rẹ̀. Nígbà tí Disney dá Buena Vista, ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ tí ń pín fíìmù, sílẹ̀ ní 1953, RKO di ẹni àná. Ààfin aláwọ̀ búlúù tí àwọn ọmọdé mọ̀ bí ẹní mowó kò tíì sí rárá kí 1985 tó dé.

Èyí tó dùn mí ni ti Star Wars. Ìlù àti kàkàkí Fox, ilé-iṣẹ́ tó pín in, ló ṣí i ní 1977, lójú tèmi, ara fíìmù náà ni. Disney ra Lucasfilm, ilé-iṣẹ́ tó ṣe fíìmù náà, ní 2012. Nígbà tí wọ́n gbé fíìmù Star Wars mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà nígbà náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2015, wọ́n yọ Fox kúrò lórí márùn-ún. Ti àkọ́kọ́ nìkan ló ṣẹ́ kù, nítorí ọwọ́ Fox ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ ṣì wà. Ní 2019, Disney ra Fox fúnra rẹ̀, ìlù sì padà dún lórí Disney+.

Àmọ́ o, orúkọ àbísọ ni gbogbo èyí, ọmọ sì lè ní àmútọ̀runwá. Àwọn tó ń tún fíìmù àtijọ́ ṣe a máa dá àmì àkọ́kọ́ padà sórí ẹ̀dà tuntun, ẹni tó bá fi àmì nìkan ṣèdájọ́ á sì ṣìnà. Inú fíìmù fúnra rẹ̀ ló yẹ kó wò. Star Wars tí wọ́n fi hàn ní 1977 kò ní «Episode IV: A New Hope» nínú ọ̀rọ̀ tó ń gòkè lọ lójú sánmà. Àtúnjáde 1981 ni wọ́n ti fi í sí i. Àmì Fox ló ṣíwájú àwọn méjèèjì.