Àyè Ibo Ló Tán?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, bí kọ̀ǹpútà tí gbogbo ọ́fíìsì jọ ń lò bá ń ké pé àyè ti tán, kí akọ̀wé má fi ìkánjú pa àkọsílẹ̀ owó yín rẹ́. Ẹ kọ́kọ́ bi í: àyè ibo ló tán?

Lẹ́yìn àtúnṣe Windows 10 ti oṣù kẹrin 2018, igun kékeré tí ẹ̀rọ fi ń tún ara rẹ̀ ṣe gba lẹ́tà tirẹ̀ lórí àwọn kọ̀ǹpútà kan. Nǹkan bí 500 MB lásán ni, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún tẹ́lẹ̀. Ni ìkìlọ̀ bá ń jáde lemọ́lemọ́, bẹ́ẹ̀ àyè ṣì pọ̀ lórí C.

Àwa ará Ìpetumodù, ìlú amọ̀kòkò, ṣé nítorí pé ìṣaasùn kún la ó ṣe da omi àmù nù? Lẹ́tà yẹn nìkan ni kí wọ́n yọ. Kí wọ́n má fọwọ́ kan igun náà. Owó dísíìkì tuntun, àpò gbogbo wa ló ti ń jáde.