Ẹ̀jẹ̀ Òkú Kì Í Ṣe Ẹ̀jẹ̀ Alààyè

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kò dùn ún gbọ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ òkú ni, ẹ̀bi tèmi sì wà nínú rẹ̀.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn oníṣòwò tí ń kírun ní mọ́ṣáláṣí wa jáde lọ ra ọjà ní ọ̀nà jíjìn, kò sì padà wálé. Ọjọ́ kẹta ni a tó rí òun àti ọkọ̀ rẹ̀ nínú kòtò kan lẹ́bàá igbó. Ìgbà ẹ̀rùn ni, oòrùn sì mú gan-an. Àwọn ọlọ́pàá gbé òkú náà lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ìwé sì jáde pé ọtí wà nínú rẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, gbogbo ọjà ti gbọ́. Àwọn kan ń wí pé, "Ṣé irú ènìyàn tí Àlàájì jẹ́ nìyí!" Ẹnìkan tí ó jẹ ẹ́ ní gbèsè ní òun kò ní san kọ́bọ̀ fún àwọn ọmọ ọ̀mùtí. Nígbà tí a gbé òkú dé, àwọn tí ó dúró láti kírun sí i lára kò kún ìlà méjì. Èmi tí mò ń kọ ìwé yìí, mo ní inú ń run mí, mo sì rán igbákejì mi kí ó lọ ṣíwájú ìrun náà. Inú kò run mí rárá. Ojú ayé ni mò ń wò.

Lẹ́yìn èyí ni dókítà kan, ọmọ àdúgbò wa, wá kí mi. Ó bi mí pé, "Àáfà, ọjọ́ mélòó ni òkú náà lò nínú oòrùn? Ibo lára rẹ̀ ni wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ náà?" Mo dáhùn sí ìbéèrè kìíní, n kò mọ ìdáhùn èkejì. Ó mi orí, ó sì là mí lọ́yẹ̀.

Ẹ wo omi ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí a rọ sínú ìgò tí a sì gbàgbé sínú oòrùn. Ẹnikẹ́ni kò bu ọtí sí i, ṣùgbọ́n kí ó tó pẹ́, ó ti di ọtí. Bákan náà ni ara òkú. Ṣúgà wà nínú ara, àwọn kòkòrò àìfojúrí sì wà nínú ìfun wa. Nígbà tí ẹ̀mí ṣì wà, ara a máa ká wọn lọ́wọ́ kò. Nígbà tí ẹ̀mí bá ti kúrò, wọn a tàn ká inú ẹ̀jẹ̀, wọn a sì sọ ṣúgà náà di ọtí. Ooru a máa mú kí ó yá sí i, àìsàn àtọ̀gbẹ a sì máa fi kún ṣúgà tí wọn yóò rí lò. Àtọ̀gbẹ ni ó ń bá Àlàájì wa jà fún ọdún púpọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìtàn àbùlà ni èyí. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹrin ọdún 1989, ìbúgbàmù ṣẹlẹ̀ nídìí ìbọn ńlá kan nínú ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà tí à ń pè ní USS Iowa, ọmọ ogun ojú omi 47 sì kú. Láti ọdún 1914 ni ìjọba wọn ti fi òfin de ọtí mímu nínú ọkọ̀ ogun. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n yẹ àwọn òkú náà wò, wọ́n bá ọtí nínú àwọn kan. Àwọn onímọ̀ kò pariwo pé ọ̀mùtí ni wọ́n. Wọ́n wádìí, wọ́n sì rí i pé inú òkú ni ọtí náà ti ṣẹ̀dá.

Kì í ṣe ọtí nìkan. Oògùn ọkàn kan wà tí à ń pè ní dígọ́sìn. Ẹran ọkàn a máa di púpọ̀ mú nínú rẹ̀ ju èyí tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ lọ. Bí ènìyàn bá kú, ẹran náà a tú u sílẹ̀, a sì ṣàn padà sínú ẹ̀jẹ̀ tí ó wà nínú ọkàn. Ẹni tí ó lo ìwọ̀n tí dókítà pàṣẹ lè wá dàbí ẹni tí a fún ní àpọ̀jù. Ìyàwó tí ó ń fi òtítọ́ inú gbé oògùn fún ọkọ rẹ̀ lè di apànìyàn lójú ẹbí. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi fẹ́ràn láti fa ẹ̀jẹ̀ láti itan, tí ó jìnnà sí ọkàn àti ẹ̀dọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ti itan pàápàá lè yí padà díẹ̀.

Ẹlòmíràn yóò ní, "Àáfà, ṣé kí apànìyàn máa lọ lófo ni?" Rárá o. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n mú nọ́ọ̀sì kan tí ń jẹ́ Charles Cullen ní ọdún 2003. Dígọ́sìn yìí wà lára ohun tí ó fi ń pa aláìsàn, ó sì jẹ́wọ́ ní kóòtù pé òun pa ènìyàn tí ó ju 20 lọ. Ẹ̀jẹ̀ tí a ti fà nígbà tí aláìsàn ṣì wà láàyè wà lára ohun tí ó tú àṣírí rẹ̀. Àyẹ̀wò kì í ṣe ọ̀tá wa. Àìbéèrè ni ọ̀tá wa.

Nítorí náà, bí a bá gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá, ẹ kọ́kọ́ béèrè: Nígbà wo ni ó kú, nígbà wo ni a sì fa ẹ̀jẹ̀? Ibo lára ni a ti fà á? Ṣé a tọ́jú rẹ̀ sínú òtútù? Ṣé a yẹ omi inú ẹyinjú wò, nítorí pé ó jìnnà sí ìfun, kì í sì í tètè bàjẹ́? Ṣé a yẹ ìtọ̀ wò? Ohun kan wà tí ara alààyè máa ń ṣe láti inú ọtí tí a mu, tí a sì máa ń rí nínú ìtọ̀. Ọtí tí ó ṣẹ̀dá nínú òkú kì í sábà mú un wá. Bí ìfura bá sì wà, ẹ tètè sọ fún dókítà kí àyẹ̀wò lè yá, kí a sì lè tètè sin òkú gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wa ti fẹ́.

Dókítà náà kò sọ fún mi pé Àlàájì kò mu ọtí rí. Ohun tí ó sọ ni pé ìwé yẹn kò lè fi hàn pé ó mu ún. Bí ó bá tilẹ̀ mu ún, Mùsùlùmí ni. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kí a kírun sí i lára, ìdájọ́ rẹ̀ sì di ọwọ́ Ọlọ́run. Mo ti lọ kúnlẹ̀ níwájú opó rẹ̀, mo sì ti tọrọ àforíjì ní gbangba lọ́jọ́ Jímọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jẹ gbèsè kò tíì san án títí di òní. Bí ó bá ń ka ìwé yìí, kí ó rántí pé owó ọmọ òrukàn ni ó wà lọ́wọ́ òun.

Kí Ọlọ́run Ọba dárí jì wá, kí Ó sì gba ahọ́n wa lọ́wọ́ ìfura. Àmín.