Ẹni Tó Ń Kọ́ Ìṣirò Ẹṣin, Owó Ta Ni Ó Fẹ́ Jẹ?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó fi làákàyè ta ọmọnìyàn lọ́rẹ. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábà rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹ̀yin ará nínú ẹ̀sìn, ẹni tí mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí kì í ṣe ẹni tó jẹ́wọ́ pé tẹ́tẹ́ ni òun ń ta. Onítọ̀hún mọ ohun tí ó ń ṣe, ó sì mọ̀ pé kò dára. Ó kù kí ó ronú pìwà dà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ mi bá wí ni ọmọ wa tó ń sọ pé òun kì í ta tẹ́tẹ́, pé iṣẹ́ ìṣirò ni òun ń kọ́. Irú wọn kò wọ́n ní Ìsọlọ̀ yìí. Bí ènìyàn bá yọjú sínú àwọn ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ láti Ìlasamàjà títí dé Òkè-Afá, yóò rí àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n gbé ìwé àti báírò lé orí itan, tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà àwọn ẹṣin àti ajá tó ń sáré lójú tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀. Ẹni tuntun á jókòó ti ògbólógbòó, ògbólógbòó á máa là á yé e pé nọ́ńbà báyìí ti pẹ́ tí kò ti gba ipò kìíní, nítorí náà ó ti tó àsìkò rẹ̀. Pé bí ti báyìí bá ti wọlé, ti báyìí ni yóò tẹ̀lé e. Ọmọ náà á tẹ́tí sílẹ̀ bí ẹni tó wà níwájú aáfà ní ilé kéú.

Nígbà tí a bá bá wọn wí, èsì wọn kì í ṣe èsì òmùgọ̀, kò sì yẹ kí a fi ìbínú pa á mọ́ wọn lẹ́nu. Wọ́n ń sọ pé: "Aáfà, ohun tí Ọlọ́hun ṣe ní haramu ni kí ènìyàn kàn máa fi owó dánwò láìmọ ohunkóhun. Ẹni tó bá fi ìmọ̀ ṣe é ńkọ́? Ṣé Ànábì fúnra rẹ̀ kò mú kí àwọn Sàhábà fi ẹṣin díje ni?" Ẹ jẹ́ kí a fi òdodo yẹ ìbéèrè yìí wò.

Òtítọ́ ni pé eré ẹṣin ń bẹ nínú Sunnah. Ìwé Bukhārī gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Abdullāhi ọmọ Umar pé Ànábì mú kí àwọn ẹṣin tí wọ́n ti tọ́jú fún eré sáré láti Hafyā' títí dé Thaniyyatul-Wadā', ìrìn bíi máìlì márùn-ún sí mẹ́fà. Àwọn tí wọn kò tíì tọ́jú sáré láti ibẹ̀ dé mọ́sálásí Banū Zurayq, bíi máìlì kan. Abdullāhi fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó díje. Hadísì mìíràn tí Abū Dāwūd àti Tirmidhī gbà wá fi yé wa pé ẹ̀bùn ìdíje kò tọ́ àfi nínú ràkúnmí sísá, ọfà títa àti ẹṣin sísá. Ìgbáradì fún ààbò ìlú ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ nígbà náà. Bí olórí ìlú bá gbé ẹ̀bùn kalẹ̀ fún ẹni tó borí, ó tọ́. Bí àwọn olùdíje bá jọ dá owó náà, àwọn onímọ̀ ní àríyànjiyàn àti májẹ̀mú lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ẹni tó ń díje ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Òǹwòran tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, tó fi owó lé ẹṣin ẹlẹ́ṣin, kò sí nínú rẹ̀. Ohun tí tirẹ̀ ń jẹ́ ni maysir.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ìmọ̀ tí wọ́n ń wí. Eré ẹṣin kì í ṣe àjèjì sí Èkó. Ibi tí à ń pè ní Tafawa Balewa Square lónìí, pápá ìsáré ẹṣin ni kí ìjọba tó sọ ọ́ di gbàgede ní ọdún 1972. Ère ẹṣin funfun ṣì ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí eré náà ti wá, n kò ní parọ́ mọ́ ọn, ìmọ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ yóò wo bí ẹṣin ti ṣe sí nínú eré tó ti sá kọjá, bóyá ilẹ̀ tútù ni ó fẹ́ tàbí ilẹ̀ gbígbẹ, bí ọ̀nà ti jìn tó, ẹni tó gùn ún, àti ìwọ̀n ẹrù tí wọ́n dì lé e.

Ẹrù yìí gan-an ni kí ẹni tuntun fi ojú sí. Ní ọdún 1855, wọ́n yan Henry Rous, ọ̀gá àwọn ọmọ ogun ojú omi, láti máa pín ẹrù fún àwọn ẹṣin tí yóò díje ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ náà sì wà títí di òní. Ẹṣin tó lágbára jù ni wọ́n ń di òjé tó wúwo jù mọ́ ní gàárì; wọ́n á fúyẹ́ ẹrù aláìlágbára, kí gbogbo wọn lè dé òpin lẹ́ẹ̀kan náà bí ó bá ṣeé ṣe. Ẹ gbọ́ o! Ògbóǹtarìgì kan ń gba owó oṣù nítorí kí ẹnikẹ́ni má baà lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ẹṣin báyìí ni yóò borí. Ọmọ tó ra ìwé lánàá ni ó fẹ́ fi oṣù méjì borí onítọ̀hún.

Kí a tilẹ̀ gbà pé ó borí rẹ̀. Níbo ni owó tí yóò gbà ti wá? Ní nǹkan bí ọdún 1867 ni Joseph Oller dá ọgbọ́n kan sílẹ̀ ní Paris: gbogbo owó àwọn tó ta tẹ́tẹ́ á wọ inú àpò kan, onílé-tẹ́tẹ́ á mú tirẹ̀ kúrò, àwọn tó jẹ á pín ìyókù. Ọgbọ́n yìí ni wọ́n ń lò ní Senegal, Mali àti Burkina Faso, ìlú tí Mùsùlùmí pọ̀ sí ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń fi owó lé ẹṣin tó ń sáré ní Faransé. Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ là á. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá dá ₦1,000 kọ̀ọ̀kan, tí onílé-tẹ́tẹ́ sì mú ₦2,000, ₦8,000 ni ó kù. Bí ìwọ nìkan bá jẹ, ₦1,000 nínú rẹ̀ ni tìrẹ. Ti àwọn mẹ́sàn-án yòókù ni ₦7,000: ti bíríkìlà, ti aláàárù, ti ẹni tó fi àlá yan nọ́ńbà. Bí ìmọ̀ rẹ ti ń pọ̀ sí i ni ohun tí o ń gbà lọ́wọ́ aláìmọ̀ ń pọ̀ sí i. Bí ìṣirò náà bá kùnà, o pàdánù owó rẹ. Bí ó bá yege, o jẹ owó ọmọnìkejì rẹ láìtà fún un, láìṣiṣẹ́ fún un. Ibo ni halálì wà nínú méjèèjì?

Àwọn onítúmọ̀ Alùkùránì kan sọ pé láti ara yusr, èyíinì ni ìrọ̀rùn, ni orúkọ maysir ti jáde, nítorí pé wẹ́rẹ́ ni à ń gba owó ẹlòmíràn. Ọmọ wa rò pé bí òun bá ti fi làálàá kún un, orúkọ rẹ̀ ti yí padà. Olè pàápàá ń kọ́ṣẹ́ kí ó tó mọ àgádágodo ṣí. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò sọ ẹrù náà di tirẹ̀.

Gbogbo èyí, ẹṣin tó ń jẹ koríko ni mo fi ń ṣàlàyé. Ẹṣin tí wọ́n ń ṣírò ní Ìsọlọ̀ kò jẹ koríko rí. Àwòrán inú kọ̀ǹpútà ni. Kò ní ẹsẹ̀ tó ń rẹ̀, kò ní ẹni tó gùn ún. Kọ̀ǹpútà ni ó ń yan ẹni tó borí, bí ẹni ju owó ẹyọ sókè. Eré ìsinsìnyí kò rántí eré tó kọjá. Nọ́ńbà tó ti pẹ́ tí kò wọlé kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Kí a ní ẹṣin mẹ́fà ni ó ń sáré, tí agbára wọn dọ́gba, tí ṣọ́ọ̀bù sì ní àwọn yóò san ìlọ́po márùn-ún. Fi ₦100 lé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà: ₦600 jáde, ₦500 padà. Ìṣirò wo ni yóò tún èyí ṣe?

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti lọ́tò tí wọ́n ti ń mú nọ́ńbà márùn-ún nínú 90, tí wọ́n sì ń san ìlọ́po 240 fún ẹni tó bá mú méjì. Ẹ gbé báírò. Oríṣi méjì-méjì tó wà nínú 90 jẹ́ 4,005. Bí o bá fi ₦100 ra gbogbo wọn, ₦400,500 ni. Mẹ́wàá péré ni yóò jẹ, ₦24,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ ₦240,000. Ẹni tó ra gbogbo nọ́ńbà tó wà láyé, tí kò lè ṣì í, ₦160,500 ni ó pàdánù.

Àwọn atatẹ́tẹ́ a máa pe èyí tó dá wọn lójú jù ní "báńkà". Ànábì ní abo ràkúnmí kan tó ń jẹ́ 'Aḍbā', tí ẹnikẹ́ni kì í sáré yà sílẹ̀. Ó jọ pé kò sí ẹni tí kì bá pè é ní báńkà ní Madīnah. Lọ́jọ́ kan, ará oko kan gun ọ̀dọ́ ràkúnmí dé, ó sì yà á sílẹ̀. Ó dun àwọn Sàhábà. Ànábì fi yé wọn pé ohunkóhun tó bá gòkè láyé, ẹ̀tọ́ Ọlọ́hun ni láti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Anas ni ó gbà á wá, ó wà nínú Bukhārī. Bí a kò bá lè fi ọwọ́ sọ̀yà lórí ràkúnmí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, ti àwòrán inú ṣọ́ọ̀bù ha ṣeé fi owó ilé-ìwé sọ̀yà lé bí?

Àwọn kan á ní ìjọba ti fọwọ́ sí i, àti pé àwọn onílé-tẹ́tẹ́ ń ṣe ìlú lóore. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fagi lé òfin lọ́tìrì ti ọdún 2005, ó ní ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni àṣẹ náà wà. Ẹni tí yóò fún wọn ní ìwé àṣẹ ni ẹjọ́ náà dá lé. Ìwé àṣẹ kì í sọ haramu di halálì. Ní ti oore, àwọn Lárúbáwá ìgbà àìmọ̀kan a máa fi ọfà mẹ́wàá ta tẹ́tẹ́ lórí ẹran ràkúnmí, méje ní ìpín, mẹ́ta jẹ́ òfo, àwọn tó jẹ a sì máa fi ẹran náà tọrẹ fún aláìní. Ọlọ́hun kò sẹ́ àǹfààní náà. Ẹsẹ 219 nínú Súrà Baqarah fi yé wa pé ẹ̀ṣẹ̀ inú rẹ̀ ju àǹfààní rẹ̀ lọ. Súrà Mā'idah, ẹsẹ 90 àti 91, wá kà á pọ̀ mọ́ ọtí, ó sì tọ́ka sí ohun tí Èṣù ń fi í wá: ọ̀tá láàrin ara wa, àti ìgbàgbé ìrun. Ẹ wo ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyí nígbà tí wọ́n bá ń pe ìrun Aṣàárì, ẹ ó rí àlàyé ẹsẹ náà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, n kò ní kí ẹ jáwọ́ nínú ìṣirò. Orí tó lè há nọ́ńbà ọgọ́ta eré sórí, orí pípé ni. Ẹ gbé e wá síbi ìmọ̀ ogún pínpín, níbi tí ìdajì, ìdá mẹ́fà àti ìdá mẹ́jọ ti ń pàdé lórí dúkìá òkú, tí àwọn ará ilé ń jà nítorí pé kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n pín. Apá gígùn nínú ìwé al-jabr tí al-Khwārizmī kọ, ọ̀rọ̀ ogún ni ó dá lé. Ẹ kọ́ ìṣirò owó ọjà, kí ẹ bá àwọn oníṣòwò Àṣwání ṣírò èrè àti sàká wọn. Iṣẹ́ ni ìyẹn, àlúbáríkà sì wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà mọ́sálásí, ẹ má fi èébú lé wọn. Ebi àti àìríṣẹ́ ni ó gbé púpọ̀ nínú wọn débẹ̀. Ẹ kọ́ wọn níṣẹ́, ẹ yá wọn lówó láìsí èlé nínú àjọ yín. Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ.

Kí Ọlọ́hun fi halálì Rẹ̀ rọ̀ wá lọ́rọ̀ kúrò nínú haramu, kí Ó sì sọ ìmọ̀ wa di èyí tí yóò ṣe wá láǹfààní ní ayé àti ní ọ̀run. Àmín.