Táǹkì Ẹja Àlòkù: Ewé Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Gbìn

Bí táǹkì gíláàsì àlòkù bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń gbé ní Mọníyà, Lálúpọn, Ẹgbẹ́dá tàbí Àkànràn ní àyíká Ìbàdàn, ohun tó sábà máa ń yá a lára ni kó pọn omi sí i, kó sì da ẹja sínú rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Kí ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó pé, ẹja ti kú, omi ń rùn, wọ́n sì ti gbé táǹkì sẹ́yìnkùlé. Ètò iṣẹ́ ni wọ́n gbé gbòdì. Ewé ló yẹ kó ṣáájú, kí ẹja kẹ́yìn. Ẹ̀yin tí ẹ ń dáko sì ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀, nítorí oko kékeré lábẹ́ omi ni táǹkì oníewé.

Ìdí tí ewé fi ń ṣáájú rèé. Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù máa ń di amóníà nínú omi, májèlé sì ni fún ẹja. Bakitéríà, àwọn ohun ẹlẹ́mìí tín-ín-tìn-ín tí ojú lásán kò lè rí, ló ń sọ amóníà di náítíráìtì, tí wọ́n tún ń sọ ìyẹn di náítíréètì, tí oró rẹ̀ kò pọ̀ tó ti àkọ́kọ́. Nínú táǹkì tuntun, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí wọ́n tó pọ̀ tó iṣẹ́ náà. Ewé ń fa amóníà àti náítíréètì jẹ, ó ń fi wọ́n dàgbà. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun: lọ́dún 1850, Robert Warington, onímọ̀ kẹ́míkà ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ròyìn bí òun ṣe fi ẹja àti ewé omi sínú gíláàsì kan. Nígbà tí ewé tó ń jẹrà fẹ́ ba omi náà jẹ́, ó fi ìgbín omi sí i, omi sì mọ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara gíláàsì. Bí ó bá ti sán nísàlẹ̀, ẹ má rà á. Ẹ gbé e sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú níta, ẹ tẹ́ fóòmù pẹlẹbẹ sábẹ́ rẹ̀, ẹ pọn omi kún un, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún wákàtí 48. Bí ó bá ń jò, gọ́ọ̀mù sílíkóònù rẹ̀ ti gbó nìyẹn. Àwọn tó ń ṣe fèrèsé alumíníọ́ọ̀mù máa ń ní gọ́ọ̀mù yìí, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fi oògùn èéhù sí lè pa ẹja. Èyí tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé ó wà fún táǹkì ẹja ni kí ẹ rà. Ẹ fi abẹ ha ti àtijọ́ kúrò pátápátá, nítorí tuntun kì í lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa. Ẹ fi sípírítì nu ojú ibẹ̀, ẹ fi tuntun sí i, kí ó sì gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó tún dán an wò. Bí gíláàsì bá ń mì níbi ìsopọ̀, ẹ gbé e fún oníṣẹ́ gíláàsì.

Ẹ má fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Fínígà ló ń ká funfun tó gan mọ́ gíláàsì. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣàn án dáadáa, ẹ lè fi Hypo tí a fi ń fọ aṣọ funfun, ìwọ̀n 1 sínú omi ìwọ̀n 20, pa ìdọ̀tí àìrí, kí ẹ tún ṣàn án léraléra, kí ẹ sì sá a sóòrùn. Ẹ má ṣe da fínígà àti Hypo pọ̀ láé: èéfín tó ń jáde níbẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ẹ ronú lórí ìjókòó rẹ̀ pẹ̀lú. Táǹkì tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 90, tó fẹ̀ ní 45, tó sì ga ní 45, ń gba omi bíi lítà 182. Kílò kan ni lítà omi kan. Tábìlì tẹlifíṣọ̀n kò lè gbé e. Búlọ́ọ̀kù tó tò déédéé ló yẹ ẹ́.

Ibi ilẹ̀ tí ẹ máa dà sínú táǹkì fún ewé ni àgbẹ̀ ti lè ṣìṣe jù. Ẹ má bu ilẹ̀ oko tí wọ́n ti fọ́n oògùn apakoríko sí, nítorí ohun tó ń pa koríko á pa ewé omi náà. Ẹ má sì fi ìgbẹ́ adìẹ sí i, bó ti wù kó pọ̀ tó lágbègbè yín; amóníà ló kún inú rẹ̀. Ilẹ̀ dúdú lásán, tí ẹ ti jọ̀, tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3, ti tó. Ẹ da yanrìn odò tí ẹ ti fọ̀ títí omi rẹ̀ fi mọ́ lé e lórí ní ìwọ̀n kan náà, kí ilẹ̀ má baà dà rú.

Ewé kò jìnnà sí wa. Òṣíbàtà ń fìdí múlẹ̀ nínú ilẹ̀, ojú oró ń léfòó, ó sì ń ṣíji bo omi. Anubias barteri, tí wọ́n ń tà káàkiri ayé fún táǹkì, ilẹ̀ Áfíríkà níhìn-ín ló ti wá. Orúkọ Charles Barter ni wọ́n fi sọ ọ́, onímọ̀ ewéko tó bá ìrìn-àjò Odò Ọya lọ lọ́dún 1857, tó sì kú lẹ́nu rẹ̀ lọ́dún 1859. Ẹ má rì í mọ́lẹ̀. Ẹ fi òwú so ó mọ́ òkúta, nítorí ìdí rẹ̀ á jẹrà bí yanrìn bá bò ó.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣa ewé lódò, ẹ ṣọ́ra. Nínú omi tó dákẹ́, ìgbín omi kan wà tí aràn àtọ̀sí ajá ń ti ara rẹ̀ jáde, tó ń gba awọ ara wọlé sí ẹni tó bá fẹsẹ̀ wọ odò. Ẹ wọ bàtà òjò àti ìbọ̀wọ́. Ẹ fọ ewé náà, ẹ wo abẹ́ rẹ̀ fún ẹyin ìgbín, kí ẹ sì fi í sínú báàkẹ́tì lọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ bo táǹkì àti báàkẹ́tì náà pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì, nítorí ọmọ ẹ̀fọn tí wọ́n ń pè ní Mansonia máa ń gún gbòǹgbò ojú oró láti fi mí lábẹ́ omi.

Omi òjò tàbí ti kànga dára. Bí ẹ bá ti fi Hypo sí kànga, ẹ kọ́kọ́ bu omi náà sílẹ̀ láìdé e fún ọjọ́ méjì. Ooru ilẹ̀ wa ti tó, ẹ kò nílò ẹ̀rọ ìmómigbóná. Ẹ gbé táǹkì sítòsí fèrèsé níbi tí oòrùn kò ti ràn tààrà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀bẹ̀dò á bò ó. Nígbà tí ewé bá ti ń yọ tuntun fún bí oṣù kan, ẹ lè fi ẹja kéékèèké díẹ̀ sí i, irú Pelvicachromis pulcher, ọmọ odò gúúsù Nàìjíríà, kí wọ́n máa jẹ ọmọ ẹ̀fọn. Ẹ má fi ẹ̀pìyà tàbí àrọ̀ sí i: ẹ̀pìyà ń jẹ ewé, àrọ̀ á hú u, á sì tóbi ju táǹkì lọ.

Bí ewé bá pọ̀ jù, ẹ má dà á sódò. Ewé omi olódòdó aláwọ̀ àlùkò, tí wọ́n kó kúrò ní Gúúsù Amẹ́ríkà nítorí ẹwà rẹ̀, wọ omi Bàdágírì lọ́dún 1984, ó sì dí ọ̀nà mọ́ àwọn apẹja. Ẹ sá ewé tí ẹ bá gé sóòrùn kó gbẹ, kí ẹ sì dà á sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ajílẹ̀ gidi ni.