Gbèsè Ni, Kì Í Ṣe Ẹ̀bùn

Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀ṣà lókè òkun,

Ọ̀rọ̀ wúrà ilẹ̀ wa ni mo gbé wá. Láti ọdún 2021 ni iléeṣẹ́ Thor Explorations ti ń rí wúrà kó jáde ní Sẹ̀gilọlá, nítòsí Iléṣà. Wọ́n ń ta ṣíà rẹ̀ ní London àti ní Kánádà. Ìwé ìṣirò owó wọn wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Ẹ̀yin mélòó ló ti kà á?

Bí a bá gbọ́ pé awakùsà gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún abúlé kan, a ó máa jó, a ó máa dúpẹ́. Inú tèmi náà ń dùn. Ṣùgbọ́n lójú akáńtáǹtì, ẹ̀bùn àti gbèsè kì í jọ wà lójú ìwé kan náà. Nígbà tí mo ń ṣe ọ́díìtì níbí, iléeṣẹ́ kan kọ owó tí òfin ní kó san sábẹ́ ìtọrẹ àánú. A ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Ọ̀gá wọn ò kí wa mọ́ títí a fi parí iṣẹ́.

Òfin ìwakùsà Nàìjíríà ti ọdún 2007, abala 116, sọ ọ́ kedere: kí ẹni tó gba àṣẹ ìwakùsà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ilẹ̀, ó gbọ́dọ̀ bá ará ìlú tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, iṣẹ́ fún ọ̀dọ́, ọ̀nà àti àtúnṣe rẹ̀, ìrànwọ́ fún oníṣòwò kékeré, ìtọ́jú àyíká, gbogbo rẹ̀ ló lè wà níbẹ̀. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọn yóò máa tún un yẹ̀ wò.

Kí wá là ń jó sí? Àwa tí wọ́n ń pè ní òṣómàáló! Àwọn bàbá wa lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó aṣọ fi pé, wọn ò dìde torí kọ́bọ̀ àkọ́kọ́.

Mi ò ní ká bá iléeṣẹ́ kankan jà o. Àwọn tó ń fi òru wa wúrà láìgbàṣẹ ló burú jù. Ẹ̀yin náà ti rí bí omi odò Ọ̀ṣun ṣe pọ́n bí ẹrẹ̀. Ta la fẹ́ bá tọwọ́ bọ̀wé nínú wọn? Iléeṣẹ́ tó lórúkọ, tó ní àdírẹ́sì, ó ṣeé bi léèrè.

Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ẹgbẹ́ wa kọ̀wé sílé, kí a gba ẹ̀dà àdéhùn gbogbo ibi tí wọ́n ti ń wa kùsà nílẹ̀ wa, kí a tẹ̀ ẹ́ síbí ní èdè méjèèjì. Èmi yóò fi ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan wé ìwé ìṣirò wọn, mi ò ní gba kọ́bọ̀. Ẹni tó bá ní ṣíà, kó bèèrè ní ìpàdé ọdọọdún wọn. Ẹni tí ẹ̀dà kan bá sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé kí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ tó kò.